Ìwé Tí Kò Padà Wálé: Ìtàn Àkọsílẹ̀ Ìlera Láàrin Wa

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nínú ilé ìwòsàn ilẹ̀ wa ti ṣubú lójú ọ̀nà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì tó àkókò kí a wo ẹ̀yìn. Àwọn tí ń wo iwájú nìkan a máa ka ìdí rẹ̀ lórí ìka: owó kò tó, iná mànàmáná kò dúró, òṣìṣẹ́ kò pọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe ségesège. Òótọ́ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n wọn a tún fi ọ̀kan kún un tí ó ń dùn wá dé ọkàn: wọn a ní àṣà wa ni kò gba kí a kọ ènìyàn sílẹ̀, pé ará ìlú ń bẹ̀rù ìwé, kí a má tilẹ̀ sọ ti ẹ̀rọ tí ń pa ìwé mọ́. Ẹ̀sùn yìí ni a fẹ́ fi ìtàn gbé yẹ̀ wò.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wọ ilé kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí ó kí ìyálé ilé dáadáa, kí ó sì bèèrè ìwé ìlera ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá yóò wọ yàrá, yóò ṣí àpótí aṣọ, yóò sì yọ ìwé pélébé kan jáde, èyí tí gbogbo wa ń pè ní carnet. Ó ti fi ọ̀rá wé e kí òjò má baà bà á jẹ́. Ọmọ tí ó ni ín lè ti di bàbá ọmọ. Màmá lè má mọ ìwé kà, síbẹ̀ ó mọ ojú-ewé tí a kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Àwọn ìyá wa ni olùtọ́jú àkọsílẹ̀ tí ó dára jù lọ ní ìlú yìí. Ẹni tí ó ń tọ́jú ìwé báyìí kò kórìíra àkọsílẹ̀. Kí ni ó wá ń dí ọ̀nà?

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ náà wà láàrin wa lóòótọ́, a kò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó mú kí àwọn baba wa sá fún ẹni tí ó mú ìwé àti kálàmù wọ ìlú. Ní 1899 ni ìjọba Faransé gbé owó orí kalẹ̀ ní Dáhòmì. Láti ìgbà náà, ẹni tí a bá ti kọ orúkọ rẹ̀ ti di ẹni tí yóò san owó. Orúkọ tí a kọ yìí kan náà ni a fi ń mú ènìyàn lọ sí iṣẹ́ ipá, òun náà ni a sì fi kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ojú ogun láàrin 1914 àti 1918. Títí di 1946 ni òfin kò tíì fi òpin sí iṣẹ́ ipá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láàrin 1889 àti 1945, fi hàn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe kó ẹrù kúrò lábẹ́ Faransé, tí wọ́n sọdá sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí irú ìnira bẹ́ẹ̀. Ènìyàn kan náà ni wọ́n, àṣà kan náà ni wọ́n ní, ní apá méjèèjì ààlà. Ohun tí wọ́n sá fún ni ohun tí ìwé ń ṣe fún ẹni tí a kọ sínú rẹ̀.

Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni oògùn òyìnbó gbà wọlé. Ní 1905, ìjọba Faransé dá ètò ìwòsàn fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà rẹ̀. Ní 1918, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ṣí sílẹ̀ ní Dakar, níbi tí àwọn ọmọ Dáhòmì ti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà àti ti agbẹ̀bí. Ọ̀kan lára wọn, Émile Derlin Zinsou, ọmọ Ouidah, di ààrẹ orílẹ̀-èdè wa ní 1968. Ní 1939, a dá ẹgbẹ́ ńlá kan sílẹ̀ láti gbógun ti àrùn oorun, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bobo-Dioulasso. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lọ láti ìlú dé ìlú. Olóyè a pe gbogbo ènìyàn jáde, a tò wọ́n, a ka orúkọ wọn, a sì fọwọ́ kan ọrùn ẹnì kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá kókó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí là, nítorí àrùn oorun padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iye àwọn tí a yẹ̀ wò àti iye àwọn tí a rí àrùn lára wọn gòkè lọ sí Bobo-Dioulasso, sí Dakar, títí dé Paris. Ẹni tí a fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí ìwé sọ nípa ìlú rẹ̀. Ìwé náà kò padà wálé.

Ìgbà kan wà tí ìwé padà wálé, orílẹ̀-èdè wa sì wà lára ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní Pahou, lójú ọ̀nà tí ó ti Kútọnù lọ sí Ouidah, àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera kan tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń bá wọn ṣàkóso. Ohun tí a kọ́ níbẹ̀ wà lára ohun tí ó bí Ìpinnu Bàmákò ti oṣù Kẹsàn-án 1987, nígbà tí àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà pàdé ní ilẹ̀ Málì. Bẹ̀nẹ̀ àti Gíní wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi í ṣe ìwà hù. Owó oògùn tí aláìsàn san a máa dúró sí ilé ìwòsàn ìlú rẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ará ìlú yàn a sì máa bá òṣìṣẹ́ bójú tó o.

Lára irinṣẹ́ tí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ilẹ̀ wa lò ní ìgbà náà, ọ̀kan wà tí a ń pè ní échéancier. Àpótí ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pín sí yàrá kéékèèké, oṣù kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Bí ìyá bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ní oṣù Kẹta, tí ó sì yẹ kí ó padà wá ní oṣù Kẹrin, òṣìṣẹ́ yóò fi káàdì ọmọ náà sí yàrá oṣù Kẹrin. Bí oṣù Kẹrin bá parí tí káàdì ṣì wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ọmọ kò wá. Nígbà náà ni a óò mú káàdì náà, a óò wá ilé rẹ̀ lọ, a óò sì bèèrè àlàáfíà rẹ̀. Àpótí yìí kò gba iná, kò gba íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí a ń ra kọ̀ǹpútà fún lónìí ni ó ń ṣe: ó ń rántí, ó ń fi ẹni tí kò wá hàn, ó ń pe ènìyàn padà. Ìyá tí a wá délé nítorí abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ kò nílò àlàyé lórí ìdí tí a fi kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ni ó fi rí i.

Ẹ jẹ́ kí a sọdá ààlà lọ sí Ilé-Ifẹ̀, orírun wa, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn Yorùbá ti gbé kọ̀ǹpútà wọ ilé ìwòsàn kí ọ̀pọ̀ ìlú tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Láti 1989, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà àti àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Kuopio ní ilẹ̀ Finland, mú ètò kan tí a ti ṣe fún ilé ìwòsàn àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tún un ṣe kí ó lè bá Ifẹ̀ mu. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ń pa mọ́ kò ju èyí lọ: ta ni a gbà wọlé, àìsàn wo ni ó gbé e wá, ọjọ́ wo ni ó lọ sílé. Ní oṣù Kẹrin 1993, Ilé-Ifẹ̀ gba àlejò ìpàdé HELINA àkọ́kọ́, níbi tí àwọn onímọ̀ ti jíròrò lórí kọ̀ǹpútà nínú iṣẹ́ ìlera ní Áfíríkà. Láti inú iṣẹ́ náà ni ètò MINPHIS ti jáde lẹ́yìn náà, ètò tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń kéde pé Nàìjíríà ni a ti ṣe é.

Ọ̀kan lára àwọn ará Finland náà, Mikko Korpela, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1996 tí àkọlé rẹ̀ bi ìbéèrè tí àwa náà ń bi: ṣé àṣà ìbílẹ̀ ni ó ń dí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ni, tàbí ètò ìṣèlú àti ọrọ̀ ajé? Ó yẹ ìtàn Yorùbá wò, ó yẹ ohun tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀ wò, kò sì di ẹ̀bi náà lé àṣà lórí. A fara mọ́ ọn, nítorí pé ohun tí ojú wa rí ní apá ìhín ààlà kò yàtọ̀. Ní 1989 tí Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìjọba tiwa kò rí owó oṣù san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìdaṣẹ́sílẹ̀ gba gbogbo ìlú kan, títí a fi pe Àpérò Gbogbogbò ti oṣù Kejì 1990. Nọ́ọ̀sì tí kò gba owó oṣù kò ní kókó sí ẹ̀rọ tuntun. Ṣé àṣà ni a óò pe ìyẹn?

Ní oṣù Kejìlá 1995, àwọn olórí ilẹ̀ tí ń sọ èdè Faransé pàdé ní Kútọnù, ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì sì wà lára ohun tí wọ́n jíròrò. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ní 1998, omi fà ní adágún Akosombo ní Gánà, níbi tí iná mànàmáná wa ti ń wá, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò sì wọ òkùnkùn. Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà ní ìgbà náà fi aṣọ bò ó. Bí a ti ń sọ èyí, a mọ̀ pé ìdènà ti iná àti ti wáyà kì í ṣe àlọ́. Wáyà abẹ́ òkun SAT-3 dé Kútọnù ní 2002, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti etíkun dé abúlé oko wa.

Láàrin ìyẹn, iṣẹ́ àkọsílẹ̀ kò dúró. Ètò orílẹ̀-èdè wa fún ìròyìn ìlera, tí a ń pè ní SNIGS, ń gba iye àwọn aláìsàn, ìbímọ àti abẹ́rẹ́ láti ilé ìwòsàn gbogbo. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó ti ń lo DHIS2, ètò tí ìpilẹ̀ rẹ̀ wá láti Gúúsù Áfíríkà lẹ́yìn ìdìbò 1994, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Cape Town àti ní Oslo ń wá ọ̀nà kí ìlera àwọn aláwọ̀ dúdú lè hàn nínú ìwé ìjọba. Ìpilẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń rí lọ́wọ́ agbẹ̀bí kan ní abúlé. Ó gbẹ̀bí lóru. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Ó kọ ọ́ sínú carnet. Ní ìparí oṣù, ó jókòó, ó ka gbogbo ìlà, ó kọ àpapọ̀ sínú ìwé mìíràn, ó fi ránṣẹ́. Ní ibòmíràn, ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà gòkè lọ sí Kútọnù. Kí ni ó sọ̀kalẹ̀ padà wá fún agbẹ̀bí náà? Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́ọ̀mù tuntun ni.

Láàrin 2010 àti 2013, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ní Sẹ̀nẹ̀gàl ní àwọn kò ní fi nọ́ńbà ránṣẹ́ mọ́, títí ìjọba yóò fi dá àwọn lóhùn. Wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń gbẹ̀bí, wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́. Ìròyìn nìkan ni wọ́n dì mú. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Bí òṣìṣẹ́ bá lè di ìròyìn mú ní ọ̀pọ̀ oṣù tí ilé ìwòsàn rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ, a jẹ́ pé ìròyìn náà kò wúlò fún ilé ìwòsàn náà rí. Ti àwọn tí ó wà lókè ni.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá jù, àwa tí ọ̀rọ̀ èdè jẹ lógún. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò wo ilé, lẹ́tà ni ó ń wò. Ìlú wa fúnra rẹ̀ ní ojú mẹ́ta: Savè nínú ìwé ìjọba, Ṣábẹ̀ẹ́ nínú ìwé Yorùbá, Cabɛ nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí a ti ń lò láti 1975. Orúkọ ènìyàn burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjàyí di Adjayi lọ́wọ́ akọ̀wé kan, ó di Adjaï lọ́wọ́ èkejì, ó sì di Ajayi bí ọmọ náà bá gba ìwé rẹ̀ ní apá Ṣakí. Àwọn orúkọ ipò ìbí tí àwa àti àwọn Bàrùbá jọ ń jẹ́, bíi Worou, Chabi àti Biaou, pọ̀ débi pé agbo ilé kan lè ní Chabi mẹ́ta. Ẹnì kan náà ní orúkọ àbísọ, ó ní oríkì, ó ní orúkọ mọ́ṣáláṣí tàbí ti ìrìbọmi, èyí tí ó bá sì wá sí ẹnu rẹ̀ lójú ìrora ni ó ń dá. Àwọn àgbàlagbà wa kò mọ ọjọ́ ìbí. Faransé kọ né vers sí iwájú ọdún kan tí a fojú díwọ̀n, ó parí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá bèèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí kí ó tó ṣílẹ̀kùn, ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ di àjèjì ní ìlú rẹ̀.

Òfin 2017-08 ti oṣù Kẹfà 2017 gbìyànjú láti tún èyí ṣe. A ka gbogbo ènìyàn, a sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Nọ́ńbà kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣì í kọ nítorí pé ó jẹ́ Yorùbá. A gba èyí tọwọ́ tẹsẹ̀. Síbẹ̀, nọ́ńbà kò sọ ẹni tí yóò ka ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀. Ní ìlú tí gbogbo wa mọ ara wa, ẹni tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lè jẹ́ àbúrò ìyàwó ẹni. Àìsàn wà tí ènìyàn kì í fẹ́ kí àbúrò ìyàwó òun gbọ́. Òfin 2009-09 ti oṣù Karùn-ún 2009 ti dáàbò bo àṣírí ẹni tí a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ìwé òfin ńlá lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ti 2018 sì tún un tẹnu mọ́. Èdè Faransé ni a fi kọ wọ́n. Mélòó nínú àwọn ìyá tí ń tọ́jú carnet sínú àpótí ni ó mọ̀ pé òfin fún àwọn ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí a kọ nípa ọmọ wọn, àti ẹni tí ó kà á?

Ìkànìyàn 2013 rí ènìyàn 87,177 ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti àwọn abúlé rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ó tó 2,228 kìlómítà ní igun mẹ́rin. Àwa àti Ouèssè ni a sì jọ wà ní agbègbè ìlera kan. Ilẹ̀ fẹ̀, oko jìn. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo aboyún kan tí a gbé lórí alùpùpù láti oko lóru. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Carnet rẹ̀ wà nínú àpótí ní ilé, ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà ni ó sì ń rọbí yìí. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, iye ìgbà tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, oògùn tí kò bá a lára mu: gbogbo rẹ̀ ni a ti kọ sílẹ̀ ní abúlé rẹ̀, a sì ti fi àpapọ̀ ránṣẹ́ sí Kútọnù. Ní Kútọnù, aboyún kan ni, nínú iye àwọn aboyún oṣù náà. Dókítà tí ó wà níwájú rẹ̀ ní òru yìí ni kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Nítorí obìnrin yìí ni a ṣe kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ìtàn tí a wò fi hàn pé ará ìlú sá fún ìwé tí ó gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gba ìwé tí ó wá ọmọ wọn délé. Ohun tí yóò sọ bóyá a óò gba kọ̀ǹpútà ni bóyá ọ̀rọ̀ tí ó gòkè yóò padà sọ̀kalẹ̀. Kí agbẹ̀bí kọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó má kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ẹ̀rọ sọ fún un ọmọ tí kò wá, gẹ́gẹ́ bí àpótí onípákó ti sọ ọ́ nígbà náà. Kí ìgbìmọ̀ ìlú rí nọ́ńbà ìlú wọn kí mínísítà tó rí i. Kí a sì la òfin yé ìyá ní èdè rẹ̀.

Èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa nínú ẹgbẹ́ yìí kò kéré. A lè fi ẹnu kò sí ọ̀nà kan láti máa kọ orúkọ wa, kí a sì gbé e lọ fún àwọn akọ̀wé ilé ìwòsàn àti ti ìwé ìbí. A lè tú ohun tí òfin sọ nípa àṣírí aláìsàn sí Yorùbá, kí a kà á sétí àwọn ìyá lọ́jọ́ abẹ́rẹ́. Kò gba iná, kò gba wáyà. Àwọn ìyá wa ti ṣe tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́: ìwé náà ṣì wà nínú àpótí, nínú ọ̀rá, ó ń dúró de ẹni tí yóò kà á.